Abẹ́ Kántà Irin

Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá

Mo ra ìwé yìí lónìí nítorí pé bí n ò bá rí ibi da ọ̀rọ̀ inú mi sí, màá fi òòlù la orí ẹnì kan. Ẹni náà lórúkọ, àmọ́ n ò ní kọ ọ́ síbí. Dídán ni màá máa pè é. Kò sí ohun tó mọ̀ ju kó dán ojú irin lọ. Tó bá ti lè rí eyín ara ẹ̀ nínú irin, iṣẹ́ ti parí lójú tiẹ̀.

Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa yàtọ̀. Ìyá mi ni ìyálé, àmọ́ ìyá tiẹ̀ ló kọ́kọ́ bímọ. Oṣù mẹ́rin péré ló fi jù mí lọ. Oṣù mẹ́rin! Nítorí ẹ̀, látìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni mo ti ń pè é ní ẹ. Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀. Bọ̀dá, ẹ bá mi di etí tépù mú. Òun á wá dá mi lóhùn bí ẹni tó pọ̀n mí dàgbà: ṣé o sùn dáadáa? Ṣìọ̀.

Lónìí Bàbá pe àwa méjèèjì síwájú ẹ̀rọ tó ń ká páànù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ ti wú dé orúnkún, orí àpótí ló jókòó sí. Ó ní òun ò lè máa dá gbé ṣọ́ọ̀bù yìí mọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí, òun á fà á lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ẹnì kan. Ó ní òun mọ̀ wá, pé tí òun bá fi àwa méjèèjì síbẹ̀, a ó fi ẹ̀rọ náà ká ara wa.

Iṣẹ́ tó máa fi yan ẹni náà ti dé. Ilé ìdáná ilé ìwòsàn: kántà irin méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Èmi á ṣe ọ̀kan, Dídán á ṣe ọ̀kan.

Mo fẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo fẹ́ ẹ débi pé ó ń dùn mí ní àyà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó tán.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

A lọ wọn ilé ìdáná. Yàrá gígùn, fèrèsé kan ṣoṣo, ilẹ̀ ẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí apá ibi tí omi ń gbà jáde. Kántà pákó ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti rà. Olórí alásè gbá a lẹ́ẹ̀kan, aáyán bíi mẹ́wàá tú jáde. Obìnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan ni, ohùn ẹ̀ kún gbogbo ilé. Ó ní, "Ẹ wò ó, ẹ má fi ihò kankan sílẹ̀ fún àwọn àlejò mi wọ̀nyí o." Ìyẹn ni pé a gbọ́dọ̀ fi páànù fẹ́lẹ́ dé abẹ́ kántà pa.

Ó bi mí bóyá èmi ni ìyàwó jórinjórin. Mo ní èmi gan-an ni jórinjórin. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní "Háà, ọmọ mi, o ti pa mí," ó wá fi ẹsẹ̀ ti àga tiẹ̀ sí mi pé kí n jókòó. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ o. Ó fi ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi hàn wá. Èèyàn méjì ló ń gbé e.

Dídán wọn ògiri lẹ́ẹ̀kan, ó ká tépù. Èmi wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, lókè, láàárín, nísàlẹ̀, torí pé n ò tíì rí ògiri tó tọ́ láyé mi. Ìwọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo bá bọ̀. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ràn wàhálà." Ó sọ ọ́ lójú olórí alásè. Mo gbé e mì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Dídán fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi lẹ́bàá ẹ̀rọ. Ó ní òun ò mọ̀ọ́mọ̀. Irọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Etí mi gbọ́ ọ níbi tó ti ń sọ fún Bàbá pé èmi máa ń pẹ́ jù torí pé iṣẹ́ ò tíì yé mi tó. Iṣẹ́ ò yé mi! Ó dáa. Màá kọ iṣẹ́ náà síbí, kí n lè rí i pé orí mi ṣì pé.

Páànù náà kò nípọn ju èékánná lọ. Di etí ẹ̀ mú, ó ń mì, ó ń dún wáú-wáú. Kò lè gbé ara ẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí ìkòkò. Nítorí náà, a ń ká a. Etí iwájú: a ká a wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, a tún ká a wọnú, kó lè le, kó má sì gé ikùn ẹni tó bá fara tì í. Etí ẹ̀yìn: a ká a sókè, kó gun ògiri ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, kí omi má baà rí ibi ṣàn wọ ẹ̀yìn. Igun: a gé e, a ká a, a jó o pọ̀, a lọ̀ ọ́ títí ìka ò fi ní mọ ibi tí wọ́n ti pàdé.

Lẹ́yìn náà, a dojú ẹ̀ bolẹ̀ lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Pákó wọnú ẹ̀, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, ẹrù wúwo lórí ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Pákó yẹn ni kì í jẹ́ kí irin jìn, òun náà ni kì í jẹ́ kó máa pariwo. Lẹ́yìn pákó ló kan àwọn irin tó dábùú. Ìhà ni Bàbá ń pè wọ́n. Ìhà ló ń gbé gbogbo ẹ̀. Ẹsẹ̀ páìpù mẹ́fà ló wá gbé ìhà, ọ̀pá ìdè láàárín wọn kí wọ́n má ya, bóòtù tó ṣeé fi sípánà yí nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan torí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀.

Ibi tí a bá ti gé ihò síǹkì ìfọabọ́ ni kántà ti ń kú. Ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn gbọ́dọ̀ ní ìhà tiẹ̀, kí a sì jó o yí ká, lórí àti nídìí.

Ohun kan tún wà. A kì í jó ìhà pa lẹ́ẹ̀kan náà, iná á fà á, á wọ́. A á kọ́kọ́ fi iná kàn án lójú kan, lójú kejì, kó ṣáà dúró. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti gún, a á padà wá jó o tán. Kíkàn yẹn ni Bàbá ń pè ní ìfẹnukonu. Ó ní ìfẹnukonu ò tíì di ìgbéyàwó. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń dá àpárá yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Wàyí o. Ta ni iṣẹ́ ò yé?

Ẹtì, ọjọ́ keje

Dídán ò tíì fi ìhà kan sí tiẹ̀, ó ti ń dán ojú ẹ̀. Bàbá jókòó tì í, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀rín tán. Ó ká mi lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo lọ kí Bàbá nílé. Ìyá Dídán gbé omi wá fún mi, ó ní "Ọmọ mi, mu omi, o ti gbẹ jù." Mo dúpẹ́. N ò mu ún.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Dídán ń jó ìhà lọ́wọ́ ni ìyàwó ẹ̀ pè é. Ọmọ wọn kékeré ń gbóná, ó ti dákú lẹ́ẹ̀kan. Ó ju ìbòjú ìjórin sílẹ̀, ó sáré jáde pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. N ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe ọmọ náà. Mo kọ ìyẹn kí ìwé yìí má baà rò pé ẹranko ni mí. Ọmọ ò ṣẹ̀ mí.

Ó padà dé lọ́sàn-án, ojú ẹ̀ pọ́n, ó gbé kántà ẹ̀ dìde lórí ẹsẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tí n ò rí níbòmíràn. Ẹni tó ṣe kántà kọ́ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlòmíràn ni. A á gbé e nàró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, a á to àpò yanrìn mẹ́fà sórí ẹ̀, ẹni kejì á wá nà gbalaja sábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ẹ̀ nílẹ̀, ẹrù gbogbo lókè imú ẹ̀. Tí ohun gbogbo bá dáa, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àárín pákó. Lẹ́yìn àmì la tó lè dé abẹ́ ẹ̀ pa. Tó bá sì bàjẹ́ lẹ́yìn náà, ẹni tó sàmì ni Bàbá máa ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ṣe é. Kó tó di pé ẹsẹ̀ ẹ̀ bàjẹ́, òun fúnra ẹ̀ ló ń wọ abẹ́ gbogbo wọn.

Lónìí Dídán wọ abẹ́ tèmi. Ó pẹ́ níbẹ̀! Mo ń wo bàtà ẹ̀ tó yọ síta, mo ní kí ló ń wá, wúrà? Nígbà tó jáde, ó ní Bàbá, bóòtù ẹsẹ̀ kẹta ò dì dáadáa. Kò pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iwájú Bàbá ló ti sọ ọ́. Mo fi sípánà dì í. Ó tún padà wọ abẹ́ ẹ̀, ó sàmì, ó ní "Ó ti dáa báyìí." Bí ẹni tó ṣàánú mi.

Bóòtù! Bóòtù kan ṣoṣo!

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Èmi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù lónìí. Bàbá lọ rí dókítà nítorí ẹsẹ̀. Dídán wà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi wọ abẹ́ tèmi, kí n lè dé e pa lọ́la." Ó ní jọ̀ọ́. Mo ní mo ti gbọ́.

Mo tẹ́ páálí sílẹ̀. Mo wọlé. Àpò mẹ́fà lókè. Pákó ẹ̀ dáa. Ẹsẹ̀ dáa. Ìhà àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta, ó jó wọn tán, ó jó wọn dáadáa pàápàá, inú bí mi pé ó dáa tó bẹ́ẹ̀. Mo wá tan iná sí ẹ̀gbẹ́ ihò síǹkì.

Ìhà yẹn, ìfẹnukonu ni. Ojú méjì lápá kan, ojú méjì lápá kejì. Kò padà wá jó o. Ibẹ̀ ló dé nígbà tí ìyàwó ẹ̀ pè.

Àpò yanrìn ò lè tú u. Yanrìn jókòó jẹ́ẹ́ ni, kì í hó, kì í mì, wọn kì í gbé e sọ̀kalẹ̀ lójijì. Ìkòkò omi gbígbóná á tú u.

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mo rò ó pé tí mo bá sọ ọ́, á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jó o, Bàbá á ní kú iṣẹ́ fún un, ọ̀rọ̀ tán. Mo rò ó pé tí mo bá sàmì, ọrùn mi ló wà níbẹ̀. Mo wá rò ó pé mo lè ṣe aláìsàmì. Kí n má sọ, kí n má sàmì. Kó bàjẹ́ lójú Bàbá.

Mo jáde. Mo ká páálí padà sí ibi tó wà. Mo gbọn ẹ̀yìn aṣọ mi títí kò fi ku eruku kankan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ó wọlé lówùúrọ̀, ó ní ara ọmọ ti ń balẹ̀. Ó ní ṣé mo ti wò ó? Mo ní, "Ẹ wò ó fúnra yín, àbí ẹ ò lójú ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Ó gbé páànù fẹ́lẹ́, ó ti ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó ń fi súkúrú dì í. Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó wá àmì.

Mo ń ka súkúrú. Mẹ́rìnlélógún.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

N ò purọ́ o. Ó bi mí ní ìbéèrè, mo bi í padà. Òun ló yẹ kó wo àmì. Òun ló gbàgbé irin. Kí ló kàn mí?

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

A gbé kántà méjèèjì lọ. Tèmi wọ ara ògiri bí ìgbà tí wọ́n jọ dàgbà, torí ìwọ̀n mẹ́ta tí mo mú. Tiẹ̀ yàgò fún ògiri ní igun kan, ó fi gọ́ọ̀mù kún un, ó nu ún, kò hàn mọ́. Oníjìbìtì.

Bàbá bá wa lọ, pẹ̀lú ọ̀pá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú tèmi, ó ní "Ó dáa." Ó fi ra ojú ti Dídán, kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó ní, "Èyí ló jọ tèmi nígbà tí mo ṣì lẹ́sẹ̀." Ojú ẹ̀ kún fómi. Ojú Bàbá! Lórí irin tí ìfẹnukonu mẹ́rin ń gbé!

Olórí alásè ní ẹ̀gbẹ́ síǹkì ti Dídán ni ìkòkò omi máa jókòó, torí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ẹ̀rọ omi. Mo la ẹnu. Wọ́n wò mí. Olórí alásè ní, "Kí ni, ọmọ mi?" Mo ní kò sí. Mo ní mo fẹ́ sín ni.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Kò sí nǹkan kan. Ó ṣì dúró.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó ṣì dúró. Bóyá mo rí i lódì ni. Bóyá òjìji iná tọ́ọ̀ṣì ni mo rí. N ò lè jẹun.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó ti já.

Wọ́n pè ní agogo mọ́kànlá àárọ̀. Wọ́n gbé ìkòkò lé e, omi ń hó, etí síǹkì jìn wọlẹ̀, ìkòkò dojú dé. Olórí alásè ló wà nítòsí jù. Omi bó o lẹ́sẹ̀ òsì, láti ìka dé agbede ojúgun. Wọ́n ní igbe ẹ̀ dé yàrá àwọn aláìsàn. Ilé ìwòsàn ni, wọ́n tètè tọ́jú ẹ̀.

Dídán jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún. Mo dúró tì í. Mo ti ń dúró de ọjọ́ tí màá rí i báyìí láti ọmọdé mi. N ò lè wò ó. Mo sáré lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Wọ́n gbé kántà náà padà wá. Bàbá ní kí wọ́n tú abẹ́ ẹ̀. Súkúrú mẹ́rìnlélógún. Ìhà náà rọ̀ dirodiro. Bàbá tan iná sí àárín pákó. Kò sí àmì.

Ó bi Dídán: ta ló wọ abẹ́ ẹ̀? Dídán ní òun ní kí n bá òun wọ ọ́, pé òun bi mí bóyá mo ti wò ó. Bàbá ní kí ni mo sọ? Dídán ronú. Ó ní òun ò rántí pé mo sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò purọ́ mọ́ mi. Ọ̀nà tó fi lè tì í lé mi lórí wà níbẹ̀, ó hàn gbangba, kò gbà á.

Bàbá yíjú sí mi. "Ìwọ, ṣé o wọ abẹ́ ẹ̀?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Àyè ò gbà mí lọ́jọ́ náà."

Báyìí, mo ti purọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Bàbá ti sọ ọ́. Ó ní ẹni tó lè dé abẹ́ kántà pa láìwá àmì, kò lè jókòó sípò òun. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lójú àwọn ìyá wa méjèèjì, òun á fa ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́, kí Dídán sì kó irinṣẹ́ ẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ìyá mi pè mí, ó ń sunkún ayọ̀, ó ní Ọlọ́run ti nu ojú òun nù.

Bàbá ní kí n jó ìhà náà padà, kí kántà lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo jó o yí ká, lórí, nídìí. Iná ta sí mi lápá, n ò dúró. Inú ń bí mi sí irin, sí Dídán, sí ìyá mi pàápàá.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo lọ wo olórí alásè. Wọ́n ti di ẹsẹ̀ ẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ohùn ńlá yẹn ti lọ, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní kí n jókòó. Kò sí àga, ó ní kí n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì òun.

Ó ní, "Ìwọ lo ṣe èyí tó dúró, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kú iṣẹ́. Ó ní Dídán ti wá, pé ó dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn nọ́ọ̀sì, òun ní kó dìde, òun ò bínú mọ́. Ó wá wojú mi. Ó ní, "Jọ̀ọ́, tí ẹnì kan bá ti wo abẹ́ ẹ̀, ṣé wọn ì bá rí i?"

Mo ní wọn ì bá rí i, Mà.

Ó mi orí. Ó ní kí n bá òun fa ìrọ̀rí sókè díẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Dídán wá sílé mi lọ́sàn-án yìí. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ káàsán."

Ẹ! Dídán pè mí ní ẹ! Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ń lá àlá ọ̀rọ̀ yẹn, àfi bí ẹni pé wọ́n da omi yìnyín sí mi lọ́rùn. Mo ní kó má pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ní kò sí bí òun ò ṣe ní pè mí bẹ́ẹ̀.

Ó ní òun ò wá bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun gbà pé òun jẹ̀bi. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun fẹ́ mọ̀. Ó ní òun ò rántí rárá pé òun fi ìhà yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí òun bá pa ojú dé, òun ń rí ara òun tó ń jó o tán. "Nítorí náà, n ò gba ojú ara mi gbọ́ mọ́. Ẹ̀yin tí ojú yín mú, tí ẹ bá wọ abẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ̀yin ì bá rí i? Àbí irú èyí tó lè fo ojú ẹnikẹ́ni ni?" Ó ní tó bá jẹ́ irú èyí tó lè fo ojú ẹnikẹ́ni, òun á tún mú iná dání níbòmíràn. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun á wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, kí òun má baà pa èèyàn.

N ò fẹ́ràn ẹ̀. Mo fẹ́ kó hàn síbí. Bó ṣe dúró, bó ṣe ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ṣì ń bí mi nínú. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ máa lọ sílé." Mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ọ tó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó lọ.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

N ò fọwọ́ kan nǹkan kan lónìí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Orí àpótí níta ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń kọ èyí.

Gbogbo wọn pé láàárọ̀: Bàbá, ìyá mi nínú aṣọ tuntun, ìyá Dídán tó gbójú sílẹ̀, Dídán àti àpótí irinṣẹ́ ẹ̀ tó ti dì. Kántà tí mo tún jó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù, àpò mẹ́fà lórí ẹ̀, ó ń dúró de àyẹ̀wò kó tó padà sí ilé ìdáná. Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí n na ọwọ́.

Mo ní, "Bàbá, mo wọ abẹ́ ẹ̀."

Ó ní abẹ́ kí ni?

Mo ní, "Abẹ́ kántà Bọ̀dá. Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá. Mo rí ìhà náà. N ò sọ."

Ìyá mi ní, "Ọmọ yìí, kí lò ń sọ? Ṣé ara ẹ yá?" Bàbá ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Mo fi kún un pé ojú Bọ̀dá ò ṣe nǹkan kan, pé ó gbàgbé torí ọmọ ẹ̀ ni, pé ẹnikẹ́ni tó bá tan iná síbẹ̀ máa rí i, èmi rí i ní wéré. Dídán ń wò mí. Mo rò pé á gbá mi létí. Ì bá ti gbá mi.

Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ padà sápò. Ó tọ́ka sí kántà tó wà nílẹ̀, ó ní, "Ta ló jó èyí?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ta ló máa wọ abẹ́ ẹ̀?"

Ó wo Dídán, ó wo èmi, bí ẹni tó ń wá ọmọ ẹ̀ láàárín èrò. Ó wá na ọ̀pá ẹ̀ sí ìyá mi pé kó bá òun mú un. Ó ní, "Ẹ gbé mi sílẹ̀."

Mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ yín. Ó ní kí a gbé òun sílẹ̀. Dídán di apá ọ̀tún, èmi di apá òsì. Ọdún mẹ́rin ni kò ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ irin. A rọra gbé e tẹ́ ilẹ̀, orúnkún yẹn ò ká, ó jẹ eyín pọ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, kò ké. A tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí a gbé iná fún òun. Ó ní kí gbogbo wa jáde.

Dídán wà lápá kejì ilẹ̀kùn. A ò wo ara wa. Mo ń ka ojú ìjó kọ̀ọ̀kan nínú orí mi. Lórí, mo jó o yí ká. Nídìí, mo jó o yí ká. Ṣé mo jó ti ìdí yí ká? Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà, iná ń ta sí mi lápá. Àpò mẹ́fà ló wà lókè àyà ẹ̀.

À ń gbọ́ ọ tó ń fi ìka kan irin, lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń dúró, tó tún ń kàn án. Kò tíì pè wá pé ká wá gbé òun dìde.